Dígí Tí Bàbá Àgbà Ní Òun Ò Nílò

Ọ́ńkù Délé, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ló ní kí n kọ ojú ewé kan nípa Bàbá Àgbà tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gba inú ìdajì rẹ̀ kọjá. Ó ní, "Títí, ọ̀rọ̀ dígí ti pọ̀ jù níbí. Write about his life now. Iṣẹ́ tó ṣe ńkọ́? Oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Iṣẹ́ àti oyè ni wọ́n wá tẹ̀. Ìwé náà dára, fọ́tò rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ Bàbá Àgbà rí, tó wá ka ìwé yẹn, á rò pé ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan la lọ sin. Ẹ jọ̀ọ́, a ò sin ọkùnrin jẹ́jẹ́ kankan. Ẹni tí a sin ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún kó tó gbà fún ẹ̀dá alààyè kankan pé nǹkan kan wà tí ojú òun ò rí. Bó ṣe gbà á ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní jẹ́ kí Ọ́ńkù Délé mú bírò sún mọ́ èyí.

Ojú ni Bàbá Àgbà fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ó wa tírélà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Kánò nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó dé London, ó sì wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò gbàgbọ́ pé ohun kan lè wà nítòsí awakọ̀ gidi kó má rí i. Lọ́jọ́ kan, ó tàsé àtẹ̀gùn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Barking, ó sì fìdí jókòó gbàà níwájú gbogbo ayé. Èèyàn méjì ló sáré gbé e dìde. Mo ní, "Grandad, ẹ ò rí àtẹ̀gùn yẹn ni?" Ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Mo rí i. Mo kàn ń yára ni."

Bó ṣe rí nínú ilé náà nìyẹn. Tó bá wá gíláàsì ojú rẹ̀ tì, kò ní sọ láéláé pé òun ò rí i. Ohun tó máa sọ ni pé, "Ìyá Délé, ta ló gbé gíláàsì tí mo ti rí lórí tábìlì?" Ìyá Àgbà á dìde, á bọ́ gíláàsì náà kúrò lórí rẹ̀ níbi tó gbé e sí, á gbé e lé e lọ́wọ́, á sì padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí obìnrin náà ti ń bá ojú yẹn gbé. Nígbà tí mo bi í bó ṣe ń fara dà á, ó ní, "Ojú bàbá yín dára púpọ̀. Ó kàn máa ń rìnrìn àjò ni."

Láràárọ̀, níwájú ilé wọn ní Castle Green, á da fínígà díẹ̀ sórí ìwé ìròyìn àná, á sì máa nu dígí ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù yìí jẹ́ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó ti darúgbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ gbalasa, òun ló sì fi ń kó àga àti ìkòkò fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nínu dígí méjì kì í gba wákàtí kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń gbà á lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, torí inú dígí ló ti ń wo gbogbo àdúgbò. Ó mọ ẹni tó tún pẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, ó mọ ẹni tó gbé àpò ìdọ̀tí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà ní kó yéé wo àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, pé kò bójú mu. Ó nu dígí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Èmi kọ́ ni mò ń wò wọ́n. Dígí ni."

Ẹni tí wọ́n jọ ń jà jù láyé ni obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà. Ó ní ọmọ tí kò kí èèyàn kò gbọ́dọ̀ máa pàṣẹ fún èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, à ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Rainham, obìnrin náà ní kó yà sí apá òsì. Bàbá Àgbà ní, "Ta ni ò ń bá wí?" Apá ọ̀tún ló yà sí. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà, èmi ni inú ń bí fún un. Nígbà tí a máa dúró, a ti wà ní ìpẹ̀kun Creekmouth níbi tí odò Roding ti ń wọ Thames, a kọjú sí omi, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù wà lẹ́yìn wa, ó ń tutù lọ. Ìyá Àgbà ní, "Bàbá Délé, omi rèé o." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pa iná ọkọ̀. Ó ní, "Ó yẹ kí ọ̀nà wà níbí."

Irú ẹni tó wá fẹ́ fa kárafáànù nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, torí ìdí rẹ̀ dára. Lọ́dọọdún, ìjọ wa, ìjọ aládùúrà kan tó ń lo ilé ìkẹ́rùsí ní Creekmouth, máa ń lọ gbàdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta létí òkun ní Southend. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Ìyá Àgbà lórúnkún, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé bí òun bá tún lè dá dúró, inú omi òkun yẹn lòun á dúró sí láti dúpẹ́. Orúnkún gbà, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n kò lè sùn lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn tó kù, kò sì lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta láìrí ibi na ẹsẹ̀ sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọdún kìíní, kò lọ. Ọdún kejì, kò lọ. Ó dúró sílé, ó ń wò wọ́n lórí fóònù, ó ń kọrin tẹ̀ lé wọn, ó sì ń nu ojú. Ó ń bẹ̀rù pé òun máa kú pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tí òun ò san. Bàbá Àgbà kàn lọ ra kárafáànù funfun kan, ilé kékeré orí táyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lọ́wọ́ òyìnbó aládùúgbò rẹ̀ tó ń kó lọ, ó ní kó bá òun gbé e sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, ó fa Ìyá Àgbà lọ́wọ́ dé ibẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì méjì, sítóòfù kékeré, kọ́tìnì olódòdó. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀dì rẹ rèé, Ìyá Délé. Kò sí ibi tí a máa lọ tí kò ní tẹ̀ lé wa."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Òyìnbó tó tà á fún un ti sọ fún un pé ó máa nílò dígí àfikún, ìyẹn dígí ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n ń so mọ́ dígí ọkọ̀ kí awakọ̀ lè rí ẹ̀yìn ohun tó ń fà. Ẹ wò ó, ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dígí àfikún wà lára ògiri lẹ́yìn orí mi láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àjèjì tí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òfin ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń fa kárafáànù gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ọkọ̀. Ohun tó wí ni pé kí o lè rí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ohun tí o ń fà. Bí ọkọ̀ rẹ bá fẹ̀ tó, o lè máà nílò rẹ̀. Bí kárafáànù bá fẹ̀ jù ú lọ, ó di dandan.

Dígí píkọ́ọ̀pù Bàbá Àgbà sì yọ etí síta dáadáa, ìyẹn ló gbójú lé. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀. Kárafáànù ṣì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan yọ kọjá etí dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ wo téèpù."

"Téèpù ló máa wakọ̀ ni?"

"Grandad, tí ọ̀kadà bá wà níbẹ̀, you can't see him. Ẹ máa gbá a ni."

"Mo wa tírélà tó gùn ju ọ̀nà ilé yín lọ. Dígí kan ló ní, ó sì ti là sí méjì. Títí, ojú mélòó lo fẹ́ kí n ní?"

Mo gbé dígí náà wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n gbé e padà kí n lọ fún àwọn tí ojú ń dùn. Ó bá mi yan odì. Tí mo bá wọlé, á ní, "Ìyá Délé, sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ pé ẹ̀bà wà nínú ìkòkò." Ọ̀rọ̀ náà sú Ìyá Àgbà. Ó pe àwa méjèèjì sí pálọ̀, ó sì dájọ́. Ó ní ká lọ dán an wò ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí àwọn èèyàn dúró sí ibi tí mo bá sọ. "Tí bàbá yín bá rí wọn, mò ń lọ sí Southend. Tí kò bá rí wọn, mo jókòó sílé mi, kó máa fa bẹ́ẹ̀dì òfìfo lọ."

Lẹ́yìn ìsìn, a kó jọ sí àgbàlá nínú sùtánà funfun wa, a ò wọ bàtà, ilẹ̀ sì tutù. A ti so kárafáànù mọ́ píkọ́ọ̀pù. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì kan sílẹ̀ nítòsí igun ẹ̀yìn kárafáànù, ibi tí ọ̀kadà máa wà gan-an tó bá fẹ́ yọ kọjá lára wa. Ètò náà rọrùn: kí èèyàn kan dúró sínú òbìrìkìtì, kí Bàbá Àgbà wà ní ìjókòó awakọ̀, kó sọ bóyá òun rí i. Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú kárafáànù, ó ṣí fèrèsé, ó ń dúró de ohun tí ayé máa fi òun ṣe.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn wa ni àwọn tí mo fẹ́ lò.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ wọnú òbìrìkìtì. Bàbá Àgbà pariwo láti iwájú pé, "Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Àgbàlagbà ló pè é. Ṣé ó wá máa dúró gbagidi bí òpó iná, kó máa dá àgbàlagbà lóhùn láti ẹ̀yìn? Ìyá Ìjọ jáde kúrò nínú òbìrìkìtì, ó bọ́ sí gbangba níbi tí dígí ti lè rí i, ó sì kúnlẹ̀. "Mo wà níbí o, Bàbá wa." Bàbá Àgbà ju ọwọ́ síta. "Mo rí yín!"

Mo ní, "Ẹ dákun, Mummy, ẹ má kúrò nínú òbìrìkìtì." Ó ní òun ti gbọ́. Olórí akọrin wọlé. Wọ́n pè é, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀. "Mo rí ọ!" Akápò ìjọ wọlé. Wọ́n pè é, òun náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀, sùtánà rẹ̀ sì gbá ìdọ̀tí àgbàlá. "Mo rí ọ, dìde, Ọlọ́run á bù kún ọ!" Èèyàn mẹ́fà wọ òbìrìkìtì yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló jáde wá kí i. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí mo bi akápò ìdí tó fi jáde, ó wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Sister Títí, tí mo bá dúró síbẹ̀ tí Bàbá ò rí mi, ṣé kì í ṣe pé mo dójú tì wọ́n?"

Bàbá Àgbà ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. "Mẹ́fà nínú mẹ́fà!" Ló bá rí Bùkọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní kóun náà wá, kó lè di méje, kí ẹ̀rí pé.

Bùkọ́lá ò tíì pé oṣù mẹ́rin tó ti Ìbàdàn dé. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé wọn ní Dagenham. Bàbá Àgbà ló bá a wá yàrá tó ń gbé ní Eastbury, òun náà ló fi píkọ́ọ̀pù gbé ẹrù rẹ̀ débẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó yẹ kó wù láti mú inú Bàbá Àgbà dùn, òun ni. Ó wọnú òbìrìkìtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Bùkọ́lá, ibo lo wà?"

"Mo wà níbí, sà."

"Níbo?"

"Nínú òbìrìkìtì, sà."

"Sún síta díẹ̀."

"Rárá, sà."

Olórí akọrin ń fi ọwọ́ júwe fún un pé kó jáde kó kúnlẹ̀. Bùkọ́lá rí i, ṣùgbọ́n kò kúrò. Ó kúnlẹ̀ sínú òbìrìkìtì níbẹ̀, níbi tí Bàbá Àgbà ò ti lè rí i pé ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀kadà ò ní jáde wá kí yín."

Láti ojú fèrèsé kárafáànù, a gbọ́ tí Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan ṣoṣo, ló bá fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yí gíláàsì sókè. Ó jókòó síbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Akápò ní ká lọ bẹ̀ ẹ́, Ìyá Ìjọ ní Bùkọ́lá ni kó lọ bẹ̀ ẹ́. Bùkọ́lá ń sunkún, ó ní níbi iṣẹ́ òun, tí èèyàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí nǹkan tí òun ò rí, wọ́n á lé onítọ̀hún. Èmi ń wo ẹ̀yìn fìlà Bàbá Àgbà, mo sì ń rò ó pé mo ti fi téèpù àti ṣọ́ọ̀kì mi ba ìrìn àjò Ìyá Àgbà jẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ́ ẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn kárafáànù, ó sì na ìka sí ìjókòó awakọ̀.

"Bùkọ́lá, lọ jókòó síbẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Mo ní lọ jókòó. Kí o pè mí."

Ọmọ náà lọ, ó ń nu ojú. Bàbá Àgbà wọnú òbìrìkìtì ṣọ́ọ̀kì. Ó dúró ṣinṣin, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí Bùkọ́lá ṣe fi tirẹ̀ sẹ́yìn. Láti iwájú, ohùn kékeré kan ní, "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀, sà?"

"Mo wà níbí."

"Mi ò rí yín, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mò ń wò ó, sà. Mi ò rí yín."

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ síta. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló kù kó sún, gbogbo ìjọ ni ì bá sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò sún. Ó wo ilẹ̀, ó wo fèrèsé tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wò ó, ó wá yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Títí, ọmọ yìí ti gbá mi, mo ti kú. Lọ gbé dígí rẹ wá."

A lọ sí Southend. Mo so dígí náà fúnra mi, ó sì ní mo so ó wọ́, ó tún un so, òun gan-an ló wá so ó wọ́. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà, ó wọnú òkun dé orúnkún tuntun rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń gbé etí sùtánà rẹ̀. Nígbà tí àkókò ìjẹ́rìí tó, Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ dìde. A ti ń retí ìtàn gígùn kan nípa bó ṣe wakọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Mo dúpẹ́ pé mi ò tíì fi ìgbéraga pa ìyàwó mi." Ìjọ ké halelúyà, ó sì jókòó.

Mi ò ní sọ pé ó yí padà. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì, ó ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun lòun kọ́ Bùkọ́lá bí wọ́n ṣe ń wo dígí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ilé ìtajà, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó dúró kí gbogbo èèyàn jáde tán. Ó ní, "Ojú òsì mi ò rí dáadáa mọ́. Má sọ fún ìyá rẹ àgbà, èmi ni n ó sọ fún un." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù sórí káńtà níwájú mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Èmi ni mo fa kárafáànù lọ sí Southend lọ́dún yẹn, òun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá Àgbà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn wa. Láti Castle Green dé orí A13, kò jẹ́ kí n mí. Mo ń sáré jù, mo ń lọ́ra jù, mo súnmọ́ ẹni iwájú jù, ta ló kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ yìí. Nígbà tí a kọjá Rainham, ó dákẹ́, mo sì rò pé ó ń bínú. Mo yí ojú wò ó. Bàbá Àgbà, tí kò sùn rí láyé rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà, ti gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sùn fọnfọn.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wò wọ́n."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbé fìlà tó ń yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀.

Ó ní, "Má jí i. Máa wà á lọ."